Ìwà Nídìí Iná, Ìwà Nídìí Àwo

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, mo mọ̀ pé lásìkò ìrọ̀lẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ ilé ló ti gbé omi ẹ̀bà kaná, àwọn mìíràn sì ti jókòó ti àwo. Ẹ má torí mi dáwọ́ oúnjẹ dúró. Oúnjẹ gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, àmọ́ kì í ṣe bí a ṣe ń sè é tí yóò fi dùn. Ìwà tó wà nínú oúnjẹ ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. Gbèsè wo ni ẹni tó ń dáná jẹ ẹni tó fẹ́ jẹun? Gbèsè wo sì ni ẹni tó ń jẹun jẹ ẹni tó dáná?

Bí a bá ní ká sọ̀rọ̀ ìwà, owó ni ọkàn ọ̀pọ̀ wa máa ń lọ sí: ta ló jalè, ta ló gba rìbá, ta ló dalẹ̀ ọ̀rẹ́. A kì í sábà ka ìdí ààrò mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ibi tí ènìyàn ti ń fi ara rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ tó ibi oúnjẹ. Ẹni tó bá yá wa lówó, a lè jọ kọ ìwé. Ẹni tó bá ta aṣọ fún wa, a lè nà án wò lójú oòrùn ká tó sanwó. Ṣùgbọ́n òkèlè tó bá ti kọjá ọ̀fun, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Wọn kò sì fi í mọ sí òwe. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá gbé ẹmu kalẹ̀ fún àlejò, òun ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí àlejò tó gbé e sẹ́nu. Ẹni tó bá sì bá wa nídìí oúnjẹ, bí a bá ní kó wá bá wa jẹ, bí kò bá tilẹ̀ ní jẹ, á dáhùn pé á gba ibi ire o. Àdúrà kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó bí i kò kéré. Ẹnu la rí, a kò rí inú. Kí ohun tó ń wọlé lọ yìí má di nǹkan mìíràn síni lára ni gbogbo wa ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Àṣà ìtọ́wò yẹn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń pani lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ń ṣara jọ díẹ̀díẹ̀ nínú ara ńkọ́, tó jẹ́ pé ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí ọdún mélòó kan kó tó dáni wólẹ̀? Ẹni tó tọ́ ọ wò á dìde, á nu ẹnu, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dà báyìí, kò sí ohun mìíràn tí ẹni tó ń jẹun lè gbára lé mọ́ àfi ìwà ẹni tó se oúnjẹ náà. Gàrí ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, nítorí pé gàrí ni oúnjẹ tó kan gbogbo wa. Olówó ń fi í tẹ ẹ̀bà, tálákà ń da omi sí i mu, ọmọ ilé ìwé kì í sì í fẹ́ kó wọ́n nínú àpótí òun.

Ẹ̀gẹ́ ni a fi ń ṣe gàrí. Àwọn kan ń pè é ní pákí, àwọn mìíràn ń pè é ní gbágùúdá. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń gbin ẹ̀gẹ́ tó Nàìjíríà ní gbogbo ayé. Ohun ọ̀gbìn tó mọ bí a ṣe ń dáàbò bo ara ẹni ni. Nínú iṣu rẹ̀ àti nínú ewé rẹ̀, ó kó èròjà kan pamọ́ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní linamarin. Tí linamarin bá wà láyè ara rẹ̀, kò ní ariwo. Ṣùgbọ́n èròjà kejì wà nínú ẹ̀gẹ́ kan náà, orúkọ rẹ̀ ni linamarase, ọ̀tọ̀ sì ni ibi tí ẹ̀gẹ́ tọ́jú ìyẹn sí. Bí eku tàbí kòkòrò bá ti gé e jẹ, àwọn èròjà méjèèjì á pàdé, sáyánáìdì á sì bẹ̀rẹ̀ sí tú jáde. Oró ni sáyánáìdì. Kì í jẹ́ kí ara lè lo atẹ́gùn tí a ń mí sínú. Àwọn ẹ̀gẹ́ tó dùn, tí a lè sè tàbí sun jẹ, oró tó wà nínú wọn kò pọ̀. Inú ẹ̀gẹ́ tó korò ló pọ̀ sí, ìyẹn kò sì ṣeé bó kí a kàn gbé e kaná.

Iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe gàrí, nígbà náà, ni pé kó mú kí oró yìí tú jáde, kó sì bá ibòmíràn lọ, kó tó kan ẹnu ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sì fọ̀ ọ́, wọ́n á rìn ín. Láyé ìjelòó, páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu kiri ni wọ́n ń fi rìn ín. Lónìí, ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Ibi rírìn yìí ni linamarin àti linamarase ti ń pàdé, nítorí náà ẹ̀gẹ́ tí kò bá kúnná, oró rẹ̀ á fara pamọ́ sínú èyí tó ṣe kókó-kókó. Wọ́n á dà á sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta ńlá lé e lórí, tàbí kí wọ́n fi jáàkì tẹ̀ ẹ́. Omi funfun á máa ro jáde, oró á sì máa bá omi náà lọ. Ibẹ̀ ló máa wà. Ní àwọn ìlú kan, ọjọ́ kan tàbí méjì ni. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ohun tó fà á nìyẹn tí gàrí wọn fi máa ń kan. Bó bá gbẹ, wọ́n á fi ajọ̀ kù ú, wọ́n á ṣa háhá rẹ̀ dànù. Yíyan ló kù.

Ẹni tó bá ti dúró ti obìnrin tó ń yan gàrí rí á mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ eré. Ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń jókòó sí nítorí èéfín, agbada fífẹ̀ á sì wà níwájú rẹ̀. Á bu ẹ̀gẹ́ kíkù díẹ̀ sínú rẹ̀, á mú àfọ́kù igbá, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ agbada, á fà á wá, á tì í lọ, á yí i padà, á sì tún tẹ̀ ẹ́. Kò gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró, torí bó bá dáwọ́ dúró, ó lè di sísè, ó sì lè jóná. Ooru tó kọ́kọ́ ń rú jáde máa ń ki, òórùn rẹ̀ a sì máa ta ni nímú. Sáyánáìdì tó ṣẹ́ kù ń bá ooru yìí lọ, nítorí pé bí nǹkan bá ti gbóná dé ìwọ̀n 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius, sáyánáìdì inú rẹ̀ á ti máa di afẹ́fẹ́. Ooru ara wa gan-an ju ìyẹn lọ. Ká má tíì sọ ti agbada tó wà lórí iná. Obìnrin yìí á fi ọwọ́ bu díẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ rà á. Bó bá ṣì ń lẹ̀ mọ́wọ́, á dà á padà sínú agbada. Bó bá gbẹ, tó ń dún ṣàràṣàrà, á wọ́n ọn kúrò, á sì bu òmíràn sí i.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ibi tí ìwà wọ ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ obìnrin náà. Bó bá wọ́n gàrí kúrò lórí iná nígbà tí omi ṣì wà lára rẹ̀, á tẹ̀wọ̀n sí i, àpò á tètè kún, igi ìdáná á sì ṣẹ́ kù. Bó bá gbé àpò kúrò lábẹ́ òkúta kí ọjọ́ tó pé, á bá ọjà ìsinsìnyí, kò ní dúró de ọjọ́ márùn-ún òní. Ẹni tó máa ra gàrí náà kò sí níbẹ̀, kò sì mọ̀ ọ́n rí. Ìgbìmọ̀ Codex Alimentarius, tí àjọ FAO àti àjọ WHO dá sílẹ̀ ní ọdún 1963 láti máa ṣòfin oúnjẹ fún gbogbo ayé, sọ pé oró yìí kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 2 lọ nínú kílógíráàmù gàrí kan. Ahọ́n wo ló lè tọ́ ìyẹn wò? Bí oníbàárà bá tilẹ̀ fọn gàrí sẹ́nu níwájú ìsọ̀, ohun tó lè mọ̀ ni pé ó kan tàbí kò kan, ó gbẹ tàbí kò gbẹ. Obìnrin ìdí agbada nìkan ló mọ̀ bóyá ọjọ́ pé.

Ohun tí mo ń sọ ni pé, nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́, àkókò ló wà láàrin oúnjẹ àti májèlé. Sùúrù ẹni tó ń ṣe é kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ara rẹ̀ balẹ̀ lásán. Ẹ̀tọ́ ẹni tó ń jẹ ẹ́ ni.

Ìtàn ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ fi èyí hàn. Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Apá gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, níbi tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ti mọ̀ ọ́n gbìn láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Títí dòní, ní agbègbè odò Amazon, wọ́n ń lo ohun kan tí wọ́n ń pè ní tipiti, tí wọ́n hun gígùn gbọọrọ, láti fún omi ẹ̀gẹ́ kíkorò jáde. Omi náà kò sì ṣòfò: wọ́n ń sè é fún ìgbà pípẹ́ títí oró inú rẹ̀ fi tán, wọ́n sì ń fi í se ọbẹ̀. Àwọn Potogí ló gbé ẹ̀gẹ́ wá sí etíkun Áfíríkà. Àwọn òpìtàn sọ fún wa pé fún ìgbà pípẹ́ ni kò fi gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí pé iṣu rẹ̀ dé, ọgbọ́n tí a fi ń sọ ọ́ di oúnjẹ kò bá a dé. Nígbà tí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil bẹ̀rẹ̀ sí padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tí a ń pè ní Àgùdà, wọ́n mú ọgbọ́n ṣíṣe rẹ̀ tí wọ́n ti kọ́ lọ́hùn-ún bọ̀ wá sílé. Àtìgbà náà ni gàrí ti ń gbilẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n tí obìnrin ìdí agbada ń lò, ogún ni. Ẹni tó bá gé e kúrú, ogún ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló fi ń tàfàlà.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ kò bá pé? Nílé wa níhìn-ín, ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì, dókítà nípa ọpọlọ àti iṣan ara ní Ìbàdàn, ṣèwádìí lórí àìsàn kan tó ń bá àwọn ará agbègbè Ẹ̀pẹ́ jà. Ẹsẹ̀ àwọn aláìsàn náà á máa jó wọn bí iná, tàbí kó kú tipiri. Bí wọ́n bá ń rìn, wọ́n á máa ta gọ́ọ́-gọ̀ọ̀. Ojú àwọn mìíràn ń ṣe bàìbàì, etí àwọn mìíràn sì ń di. Nígbà tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó rí àmì pé ara wọn ti ń bá sáyánáìdì wọ̀yá ìjà. Ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1968 nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà tó ń jẹ́ Brain, níbi tó ti so àìsàn náà mọ́ oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, láìsí ohun gidi mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ti bá a jiyàn lórí bóyá sáyánáìdì nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá yìí wà lára àwọn tó mú kí àwọn dókítà ayé máa wo inú àwo aláìsàn.

Ní Mòsáḿbíìkì, ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1981, ọ̀dá dá ní ìpínlẹ̀ Nampula. Àwọn ohun ọ̀gbìn yòókù kú, ẹ̀gẹ́ kíkorò ló ṣẹ́ kù. Sísá sóòrùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ẹ̀gẹ́ ọ̀hún ṣe kó tó ṣeé jẹ, ṣùgbọ́n ebi kò jẹ́ kí wọ́n lè dúró. Láàrin oṣù mélòó kan, ó lé ní 1,000 ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn gan lójijì, tí wọn kò lè rìn dáadáa mọ́ títí ayé. Àwọn ọmọdé àti àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Hans Rosling, dókítà ará Swídìn tó ń ṣiṣẹ́ ní Nacala nígbà náà, wà lára àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀. Konzo ni wọ́n ń pe àrùn náà. Dókítà kan tó ń jẹ́ Trolli ti kọ nípa rẹ̀ láti ilẹ̀ Kóńgò ní ọdún 1938.

Ìtàn ti Kóńgò ló tún yẹ ká fara balẹ̀ gbọ́. Ní agbègbè Bandundu, rírẹ ẹ̀gẹ́ sómi fún òru mẹ́ta ni àṣà wọn látayébáyé. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n la ọ̀nà ọlọ́dà tó já sí Kinshasa, olú ìlú wọn. Àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí gbé ọkọ̀ wá ra ẹ̀gẹ́. Owó dé, ìkánjú sì bá owó dé: ẹ̀gẹ́ tó yẹ kó lo òru mẹ́ta nínú omi kì í lò ó mọ́ kí wọ́n tó yọ ọ́. Àwọn ọmọ Swídìn àti Kóńgò tó ṣèwádìí níbẹ̀ rí i pé láti ìgbà náà ni konzo ti ń pọ̀ sí i ní àwọn abúlé tó ń ta ẹ̀gẹ́. Ẹ kíyè sí i: nínú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń kánjú ṣe fún títà náà ni àwọn àti àwọn ọmọ wọn ti ń jẹ. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń dín ọjọ́ ẹlòmíràn kù ló dín ti ilé wọn náà kù.

Ìkánjú méjì nìyí, a kò sì gbọdọ̀ fi ojú kan náà wò wọ́n. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìyá tó ń wo ojú ọmọ rẹ̀ tí ebi ń pa ní Nampula kò ṣìwà hù. Ẹ̀bi náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wà lọ́wọ́ ayé tó fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ kíkorò nìkan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi kò pa, tó jẹ́ pé èrè ló ń lé, ìyẹn ti mọ̀ọ́mọ̀ fi ara ẹlòmíràn ṣòwò. Irú rẹ̀ pọ̀ láàrin wa, kì í ṣe nídìí gàrí nìkan. Ẹni tó fi carbide mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò pọ́n lọ́sàn-án kan òru kan, ẹni tó da àwọ̀ aṣọ sínú epo pupa kó lè pọ́n dẹ̀ẹ̀, ẹni tó fọ́n oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, ẹni tó da parasitamọ́ọ̀lù sínú ìkòkò ẹran kó lè tètè rọ̀: gbogbo wọn ni àjọ NAFDAC ti ń pariwo lé lórí. Ọ̀kan náà ni ìwà wọn. Àkókò tàbí ìtọ́jú tó yẹ kí oúnjẹ gbà ni wọ́n jí, ara ẹni tó jẹ ẹ́ ni wọ́n sì fi dí i.

Mo ti sọ ti ìdí iná tó. Ẹ jẹ́ ká bọ́ sídìí àwo, nítorí pé ẹni tó ń jẹun náà ní ẹjọ́ tirẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ owó. Gbogbo wa la fẹ́ gàrí tó gbẹ, tó kan, tó mọ́, a sì tún fẹ́ kó pọ̀ dáadáa. Ẹni tó ń ṣe é ti san owó ẹ̀gẹ́, ó ti san owó ẹ̀rọ, ó ti ra igi, ó ti sanwó ọkọ̀, ó sì ti sanwó ọjà. Bí a bá ná an títí tí èrè rẹ̀ fi tán, kí la fẹ́ kó gé? Kò lè gé owó ọkọ̀. Ọjọ́ ló máa gé. Bí a kò bá sì jẹ́ kó gé ọjọ́, yóò lu ìdí kóńgò wọnú, á sì máa fi ìyẹn wọn gàrí fún wa. Òṣùwọ̀n èké kò dára, èmi kò gbè é lẹ́yìn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó fẹ́ ìwà rere nínú ìkòkò gbọ́dọ̀ múra tán láti san owó rẹ̀. Bí a bá ti mọ̀ pé gàrí ẹnìkan gbẹ, tó sì lo ọjọ́ rẹ̀, ó yẹ ká dúró ti ìsọ̀ rẹ̀, ká má torí náírà díẹ̀ sá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ìkejì, tó wúwo jù lọ́kàn mi, ni bí a ṣe ń pín ohun tó wà nínú àwo. Ara wa ní agbára láti lé sáyánáìdì díẹ̀ jáde fúnra rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di nǹkan mìíràn tí kò lágbára mọ́, a ó sì tọ̀ ọ́ dànù. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ nílò èròjà sulphur kó tó lè ṣe iṣẹ́ náà, inú ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà ló sì ti ń rí i. Nítorí náà, ẹ̀bà kan náà lè wà nínú àwo méjì kó má ṣe iṣẹ́ kan náà nínú ikùn méjì. Ẹni tó fi ẹja jẹ ẹ́ ní ohun tí yóò fi bá oró jà. Ẹni tó fi omi ọbẹ̀ nìkan jẹ ẹ́, ọwọ́ òfìfo ló fi ń jà.

Ta ló máa ń fi omi ọbẹ̀ nìkan jẹun nínú ilé wa? Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Wọ́n bu ọbẹ̀. Ẹran ńlá méjì wà nínú àwo baálé, orí ẹja náà wà níbẹ̀. Ìyá mú èyí tó kéré. Ọmọ ọdún mẹ́rin jókòó sílẹ̀ níwájú àwo kékeré tirẹ̀, ẹ̀bà inú rẹ̀ pọ̀, ọbẹ̀ pupa yí i ká, ẹran tó wà nínú rẹ̀ kò ju èékánná lọ, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un pé títí yóò fi jẹ ẹ̀bà tán ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí a bá béèrè ìdí, wọ́n á ní ọmọ tó bá mọ adùn ẹran àti ẹyin ní kékeré yóò jalè. Èrò yìí ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló bí i, nítorí pé àwọn òbí wa fẹ́ kí ọmọ mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti tó àkókò ká pa á tì. Ní Mòsáḿbíìkì àti ní Kóńgò, àwọn tí konzo dá lẹ́sẹ̀ dúró jù ni àwọn tí ẹran kì í sábà kàn. Ọmọ tí ń dàgbà nílò ẹja ju àgbà tó ti dàgbà tán lọ. Àwọn àgbà wa kan náà ló sọ pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nínú ilé tí àgbà ti ń wẹ̀yìn wo àwo ọmọdé, ibẹ̀ ni ìwà ti bá oúnjẹ délẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò pe fún ìpayà. Gàrí tí a ṣe dáadáa jẹ́ oúnjẹ gidi, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbọ́rọ̀ mi kó lọ da tirẹ̀ nù. Àwọn tó ń fi ẹ̀pà, kúlíkúlí tàbí ẹja díndín mu gàrí, ọgbọ́n ni wọ́n ń dá láìmọ̀. Bí àtúnṣe kò ṣe ní láti ná ni lówó ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Howard Bradbury, ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ilẹ̀ Ọsirélíà, ṣàwárí pé bí a bá po ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ mọ́ omi, tí a tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí a fi í sílẹ̀ fún wákàtí 2 nínú oòrùn tàbí wákàtí 5 lábẹ́ ibòòji, púpọ̀ nínú oró tó ṣẹ́ kù á bá afẹ́fẹ́ lọ. Bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2010, wọ́n kọ́ àwọn obìnrin abúlé Kay Kalenge ní Kóńgò ní ọ̀nà yìí. Nígbà tí wọ́n padà lọ yẹ abúlé náà wò, kò sí ẹni tuntun tí konzo mú. Kò sí oògùn nínú rẹ̀, kò sí ẹ̀rọ. Wákàtí mélòó kan tí wọ́n dá padà fún ẹ̀gẹ́ ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣe gàrí, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín rèé. Ẹ rìn ín kó kúnná. Ẹ jẹ́ kí àpò lo ọjọ́ rẹ̀. Ẹ yan án kó gbẹ kẹ́ ẹ tó wọ́n ọn kúrò lórí iná. Omi tó ń ro lára rẹ̀, ẹ má darí rẹ̀ sínú odò, nítorí ó ń pa ẹja, ẹlòmíràn sì ń pọn omi nísàlẹ̀. Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹ̀yin olórí ọjà, ẹ dín owó tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ wọn kù, ẹ bá wọn ṣe ọ̀nà abúlé wọn, kí sùúrù lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹ̀yin baálé ilé, ẹ jẹ́ kí ẹran inú àwo ọmọ yín tóbi díẹ̀ lálẹ́ òní.

Ẹ̀yin tó sì máa lọ sọ́jà lọ́la, kẹ́ ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń ta kóńgò kan, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ mélòó ni ẹ̀gẹ́ náà lò nínú àpò. Bí ẹ bá gbọ́ ìdáhùn tó tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ san owó ọjọ́ náà pé, kẹ́ ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fi sùúrù ṣe é.